Alàgbà Alfred Fi Ọkọ̀ Oníná Ta Ìjọ Lọ́rẹ

Bí ẹ bá dé Ìlaròó, tí ẹ rí ọkùnrin kan tó ń rìn bíi pé ilẹ̀ ló yẹ kó máa dúpẹ́ pé òun tẹ̀ ẹ́, Alàgbà Alfred Ọ̀ṣunníyì nìyẹn. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni kó tó fẹ̀yìn tì. Títí dòní, bí èèyàn bá kí i lójú pópó, á kọ́kọ́ tún gírámà onítọ̀hún ṣe kó tó dá a lóhùn.

Ìgbéraga yìí wá di ìlọ́po méjì lọ́jọ́ tó ra ọkọ̀ oníná mọ̀nàmọ́ná láti Kútọnu. Ọkọ̀ kékeré funfun ni. Kì í rú èéfín, kì í pariwo. Alàgbà ló ń bá a pariwo.

“Èmi Agẹṣin-mọ̀nàmọ́ná!” Bó ṣe máa ń wí nìyẹn bó bá ń kọjá níwájú ilé epo, tí á sì yọ orí síta lójú fèrèsé. “Mo ti gbàgbé bí bẹntiróòlù ṣe ń rùn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lórí ìlà, ẹ kú ìdúró o!”

Lọ́jọ́ Ajé kan, iná pupa kan tàn lójú dáṣíbọọ̀dù: òbìrìkìtì tó ní àmì ìyanu láàárín. Alàgbà tó fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ ọmọ ní àmì ìyanu, ẹnu wá yà á lóòótọ́. Ó tẹ bíréèkì, ẹsẹ̀ rẹ̀ bá a lọ sísàlẹ̀ bí ẹni tẹ tìmùtìmù.

Ó rọra wà á dé ọ̀dọ̀ Rodiat, obìnrin mẹkáníìkì tó ní ṣọ́ọ̀bù lọ́nà Ajílété. Rodiat ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó wo ike kékeré tí epo bíréèkì máa ń wà nínú rẹ̀, ó dùbúlẹ̀, ó wo abẹ́ ọkọ̀.

“Bàbá, epo bíréèkì yín ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Rọ́bà tó ń gbé e lọ sí táyà ẹ̀yìn ti là, ibẹ̀ ló ń gbà jò. Ẹ fi í sílẹ̀, kí n pààrọ̀ ẹ̀. Nǹkan kékeré ni.”

Alàgbà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. “Ìwọ ọmọ yìí, ọkọ̀ tí kì í mu epo! Epo wo ló tún ń jò lára ẹ̀?”

“Iná ló ń gbé e rìn, Bàbá. Epo ló ń dá a dúró.”

“Máa tún kẹ̀kẹ́ Márúwá ṣe. Ìwé ni wọ́n fi ń tún eléyìí ṣe.”

“Ó dáa, sà. Ṣùgbọ́n ẹ má wà á o. Bíréèkì yẹn máa já yín kulẹ̀.”

Alàgbà délé, ó pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan l'Ékòó, ẹni tí kò fọwọ́ kan ọkọ̀ oníná rí. Ọ̀rẹ́ ní bátìrì ló ti kú, pé owó bátìrì sì ju ti ọkọ̀ fúnra rẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ ńlá bẹ́ẹ̀ ló bá Alàgbà lára mu. Ẹ̀rù bà á, ó jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀, ó ń ronú. Tó bá ní òun fẹ́ tà á, ẹni tó fẹ́ rà á yóò ní kí òun kọ́kọ́ wà á wò. Ṣùgbọ́n ìjọ wọn ń wá Bàbá Ìjọ, oyè tí Alàgbà ti ń lé láti ọdún mẹ́fà. Bí òun bá fi ọkọ̀ náà tọrẹ kó tó kú, òun á joyè. Bó bá wá kú sọ́wọ́ ìjọ, ìjọ ló pa á!

Ó ra téèpù dúdú, ó fi bo iná pupa náà mọ́lẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, ó wọ́ ọkọ̀ náà bí ìgbín dé ṣọ́ọ̀ṣì, tó wà lórí òkè, nítorí bíréèkì ò fi bẹ́ẹ̀ mú mọ́. Ìwàásù parí, ó dìde.

“Mo fi ọkọ̀ mi kan ṣoṣo ta ìjọ lọ́rẹ!” Ó fọwọ́ sí ìwé ẹ̀bùn lójú gbogbo èèyàn. Hosána sọ.

Rẹ́fúrẹ́ndì Ọmọ́délé fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. “Kí á tó fi yín jẹ Bàbá Ìjọ, Alàgbà, ẹ wá fi ọkọ̀ yìí gbé wa yí ìlú ká.”

“Háà, orúnkún ń dùn mí.”

“Kò burú. Èmi á wà á.”

Rẹ́fúrẹ́ndì wọlé, ìyá àgbà mẹ́ta wọlé tẹ̀ lé e. Nísàlẹ̀ òkè, àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ Ìsinmi ti tò sójú ọ̀nà, wọ́n ń ju ọwọ́. Ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí lọ, wọ́ọ́rọ́wọ́.

Alàgbà rí àwọn ọmọ náà. Ó fò síwájú ọkọ̀, ó ń ju apá, ó ń ju ẹsẹ̀, orúnkún tó ń dùn ún ń kan àyà. Àwọn akọrin rò pé ayọ̀ ló gùn ún, wọ́n gbé orin. Ìyá kan ju ìborùn sí i lọ́rùn. Ẹni tó fẹ́ jẹ Bàbá Ìjọ ti di Bàbá Ijó.

Bó ṣe já máìkì gbà lọ́wọ́ olórí akọrin nìyẹn.

“Ẹ fa bíréèkì ọwọ́! Kò ní bíréèkì! Mo mọ̀ pé kò ní bíréèkì!”

Gbohùngbohùn orí òrùlé gbé e dé ọjà. Rẹ́fúrẹ́ndì fa bíréèkì ọwọ́, ọkọ̀ ta gìrì, ó dúró. Rẹ́fúrẹ́ndì sọ̀ kalẹ̀, ó kọjú sí Alàgbà.

“Alàgbà, ìgbà wo lẹ ti mọ̀?”

Alàgbà gbàgbé pé máìkì ṣì wà lẹ́nu òun. “Láti ọjọ́ Ajé.”

“Ẹ sì jẹ́ ká wọ̀ ọ́?”

“Mo rò pé ẹ máa kọ́kọ́ gbàdúrà sí i fún bí ọ̀sẹ̀ kan.”

Gbogbo ìlú gbọ́ ìyẹn náà.

Wọ́n ránṣẹ́ pe Rodiat. Ó gbé táyà ẹ̀yìn sókè, ó yọ rọ́bà tó là, ó fi tuntun sí i, ó da epo sí i. Rẹ́fúrẹ́ndì ń tẹ bíréèkì bí Rodiat ṣe ní kó tẹ̀ ẹ́, òun ń tú afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ síta. Wọ́n ṣí téèpù: iná pupa ti kú. Rodiat wà á sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè, ó tẹ bíréèkì, ọkọ̀ dúró gbọnin.

Alàgbà sún mọ́ ọn. “Bátìrì ńkọ́?”

“Kò sóhun tó ṣe bátìrì, Bàbá. Ọkọ̀ yìí ṣì máa pẹ́ gan-an.”

Alàgbà wúkọ́ díẹ̀. “Rẹ́fúrẹ́ndì, níwọ̀n ìgbà tí ẹ ò ní fi mí joyè mọ́, ẹ dá ọkọ̀ mi padà.”

Rẹ́fúrẹ́ndì na ìwé tí Alàgbà fọwọ́ sí síta. “Ìjọ dúpẹ́ púpọ̀, Alàgbà.”

Ló bá forí lé ọ̀nà ilé, ẹsẹ̀ ló fi ń rìn, nínú oòrùn ọ̀sán. Ọlọ́kadà kan rọra wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

“Bàbá Bíréèkì, ṣé kí n gbé yín? Tèmi máa ń dúró o!”