Àna Tó Ní Kí Tísà Àgbà Bẹ̀rẹ̀

Ẹjọ́ tó wọ ààfin lánàá, ká ní ẹlòmíì ló sọ ọ́ fún mi ni, mi ò ní gbà. Àmọ́ èmi ni akọ̀wé ààfin, ìṣojú mi ló ṣe, ọwọ́ ara mi ni mo sì fi kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, bí ẹ̀rín ò tiẹ̀ jẹ́ kí lẹ́tà mi tò dáadáa.

Ẹni tó mú ẹjọ́ wá ni Tísà Àgbà, tó fi ogójì ọdún kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò kó tó fẹ̀yìn tì. Ó fọwọ́ di ẹ̀yìn mú wọlé, ó ń rìn bí ẹni tó kó ẹyin sápò. Ẹni tó pè lẹ́jọ́ ni télọ̀ tó fẹ́ fẹ́ ọmọbìnrin rẹ̀ ní Sátidé tó ń bọ̀ yìí. Aṣọ ni ọmọkùnrin náà ń rán jẹun, ṣùgbọ́n tó bá ti rí kọ̀ǹpútà tàbí rédíò tó ń ṣàìsàn, ara rẹ̀ ò ní balẹ̀ mọ́. Ọ̀fẹ́ ló ń tún un ṣe. Tó bá ti wọ ilé onílé, gbólóhùn kan náà ló máa ń sọ: “Ẹ jẹ́ n tú u wò.” Ìyẹn ni gbogbo àdúgbò fi ń pè é ní Jẹ́-n-tú-u.

Kábíyèsí jókòó, Ọ̀tún jókòó tì í, fáànù ń yí lókè.

“Tísà Àgbà, kí ló dé?”

“Kábíyèsí, mi ò fún un lọ́mọ mọ́. Kó wá ìyàwó lọ síbòmíì!”

Ọmọbìnrin rẹ̀ tó jókòó lẹ́yìn bú sẹ́kún.

“Kí ló ṣe yín?”

“Ó ní kí n bẹ̀rẹ̀.”

“Níbo?”

“Lórí fóònù, Kábíyèsí.”

Ọ̀tún la ẹnu sílẹ̀. “Ta ló ń bẹ̀rẹ̀ lórí fóònù?”

“Èmi! Ìgbà mẹ́tàdínlógún!”

“Ẹ rora sọ ọ́ kó yé wa,” ni Kábíyèsí wí.

“Ojú kọ̀ǹpútà mi ló ṣókùnkùn. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kà fún ọmọ mi lọ́jọ́ ìgbéyàwó wà nínú rẹ̀. Mo pe ọmọkùnrin yìí. Ó ní kí n tẹ bọ́tìnì, mo tẹ̀ ẹ́. Ó ní, ‘Ṣé ó tàn?’ Mo ní kò tàn. Ó ní, ‘Ẹ tún bẹ̀rẹ̀.’ Kábíyèsí, mi ò tíì bẹ̀rẹ̀ rí, ó ní kí n tún bẹ̀rẹ̀! Mo ní bóyá bí wọ́n ṣe ń tún un ṣe nìyẹn. Mo bẹ̀rẹ̀.”

“Lẹ́yìn náà ńkọ́?”

“Ó ní, ‘Ṣé ẹ ti bẹ̀rẹ̀?’ Mo ní mo ti bẹ̀rẹ̀. Ó ní, ‘Kí lẹ rí?’ Mo ní ilẹ̀ ni mo rí. Ó ní, ‘Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ dúró díẹ̀.’ Mo dúró. Ó ní, ‘Ẹ tún bẹ̀rẹ̀.’ ”

Ibẹ̀ ni bírò ti kọ́kọ́ bọ́ lọ́wọ́ mi. Nígbà tí mo fi máa gbé e, Ọ̀tún ti dìde lórí àga, ó ń dán an wò.

“Kábíyèsí, ó ń dun orúnkún o.”

“Ọ̀tún, ẹ jókòó jàre. Jẹ́-n-tú-u, ṣé òótọ́ ni pé o ní kí bàbá ìyàwó rẹ bẹ̀rẹ̀?”

Télọ̀ nà gbalaja sílẹ̀. “Kábíyèsí, mo sọ ọ́. Àmọ́ kì í ṣe bẹ̀rẹ̀ yẹn ni mo wí. Bẹ̀rẹ̀ tèmi ni pé kí wọ́n ti ìbẹ̀rẹ̀ ṣe é, kí wọ́n pa á, kí wọ́n tún un tàn.”

“Dúró ńkọ́?”

“Dúró tèmi ni pé kí wọ́n ní sùúrù ìṣẹ́jú kan.”

Tísà fò fẹ̀rẹ̀, ẹ̀yìn dá a padà. “Ó fẹ́ fi èdè mú mi! Èmi tí mo jẹ́ tísà!”

“Ìṣirò lẹ fi kọ́ wọn, bàbá,” ni télọ̀ wí láti ilẹ̀.

“Ìwọ, dákẹ́!” Kábíyèsí nàka sí i. “Nígbà tó ní ilẹ̀ lòun rí, ṣé kò yẹ kó yé ọ pé nǹkan ti dàrú?”

“Kábíyèsí, èmi náà ni mo gbé àwòrán ilẹ̀ oko kan tó tutù yọ̀yọ̀ sójú kọ̀ǹpútà wọn. Wọ́n ní ilẹ̀ làwọn rí, inú mi dùn, mo ní ó ti ń tàn nìyẹn.”

“Kí ló wá dé tó o tún ní kó bẹ̀rẹ̀?”

“Mo bi wọ́n bóyá wọ́n rí ọ̀rọ̀ wọn níbẹ̀. Wọ́n ní rárá o, bàtà nìkan làwọn rí. Mo ní há! Ìpolówó bàtà ti gba ojú ẹ̀rọ. Ìyẹn ló jẹ́ kí n tẹra mọ́ ọn.”

Ààfin dàrú pátápátá. Èmi gan-an fi ìwé bojú. Télọ̀ rí i pé àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín, ó bá gbójú sí i.

“Àti pé, Kábíyèsí, kọ̀ǹpútà náà tàn!”

“Tísà, ṣé ó tàn?”

“Ó tàn,” ni Tísà kùn.

“Báwo?”

“Ní ìgbà kẹtàdínlógún, ẹ̀yìn mi há. Mo fẹ́ di tábìlì mú, orí mi lọ gbá wáyà tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó bá tàn.”

“Ẹ ò rí nǹkan! Wáyà ló yọ díẹ̀! Bí wọn ò bá bẹ̀rẹ̀ ni, ta ni ì bá tì í wọlé? Iṣẹ́ mi jẹ́!”

Irú ẹnu wo lèyí? Ọmọ tí wọ́n fẹ́ gba ìyàwó lọ́wọ́ rẹ̀, ó ṣì ń yangàn. Kábíyèsí ní kí wọ́n pe ẹlẹ́rìí.

Ìyàwó Tísà ló kọ́kọ́ jáde. “Mo wọ pálọ̀, mo bá ọkọ mi, fóònù wà létí rẹ̀, ó ń bẹ̀rẹ̀, ó ń dìde. Mo ní gómìnà ló ń bá sọ̀rọ̀. Èmi náà bá a bẹ̀rẹ̀.”

“Ìgbà mélòó ló bẹ̀rẹ̀?”

“Márùn-ún péré.”

“Mẹ́tàdínlógún!” ni ọkọ rẹ̀ ké.

“Èmi ò sí níbẹ̀ mọ́, bàbá. Mo ti lọ pààrọ̀ aṣọ, mo rò pé gómìnà ń bọ̀ wá sílé wa ni.”

Nọ́ọ̀sì tó ń gbé òdìkejì wọn ló tẹ̀ lé e. “Kábíyèsí, irọ́ ni wọ́n ń pa. Ogún ni. Mo rí bàbá láti ojú fèrèsé mi, mo ní eré ìdárayá ni. Inú mi dùn sí wọn, mo bá wọn ṣe é.”

“Tísà ní mẹ́tàdínlógún, ìwọ ní ogún?”

“Wọ́n dá tiwọn dúró, èmi fi mẹ́ta lé e. Láti ọjọ́ náà, ìbàdí mi ti fúyẹ́.”

“Ẹ gbọ́ o!” ni télọ̀ pariwo. “Ara nọ́ọ̀sì yá!”

“Ara tèmi ńkọ́, ìwọ ọmọ yìí?”

Kábíyèsí gbọ́wọ́ sókè, gbogbo ilé pa lọ́lọ́. Ó wo Tísà lójú, ohùn rẹ̀ sì rọ̀.

“Tísà, ìgbà àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀, tẹ́ ẹ rí ilẹ̀, kí ló dé tẹ́ ò bi í pé kí ni ìbẹ̀rẹ̀mọ́lẹ̀ ń wá nínú ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà?”

Tísà dorí kodò.

“Ojú tì mí, Kábíyèsí,” ló wí. “Ogójì ọdún ni mo fi ń sọ fún ọmọdé pé ẹni tí kò bá yé kó nawọ́ sókè. Èmi ò lè na tèmi. Mi ò fẹ́ kó mọ̀ pé mi ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀rọ náà. Ó máa gba ọmọ mi, kó tún wá máa wò mí bí arúgbó tí kò mọ̀kan.”

Mi ò rẹ́rìn-ín mọ́ níbẹ̀, kí n má purọ́.

“Jẹ́-n-tú-u, ìwọ ńkọ́? Ìgbà mẹ́tàdínlógún, o ò béèrè ohun tí bàbá ń ṣe gan-an?”

Gbogbo ìyangàn tán lójú télọ̀. “Ẹ̀rù ló bà mí, Kábíyèsí. Mo ní tí n bá ń béèrè jù, wọ́n á ní mi ò mọ̀ ọ́n ṣe, wọn ò sì ní fún mi lọ́mọ. Mo fẹ́ràn ọmọ wọn gan-an ni.”

Kábíyèsí àti Ọ̀tún forí korí. Nígbà tí wọ́n gbórí sókè, Ọba wúkọ́.

“Ẹ̀yin méjèèjì lẹ jẹ̀bi. Ẹni tí kò yé kò béèrè, ẹni tó ń kọ́ni náà kò béèrè. Nítorí náà, láti ìsinsìnyí títí di Sátidé, ìbéèrè nìkan lẹ ó máa bá ara yín sọ. Ẹni tó bá sọ ohun tí kì í ṣe ìbéèrè fún ẹnìkejì yóò panu mọ́ títí di irú àkókò náà lọ́jọ́ kejì. Akọ̀wé, kọ ọ́.”

Mo kọ ọ́.

“Ìgbéyàwó wá ńkọ́?” ni Ọ̀tún wí.

“Kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ ara wọn. Ó yá.”

Àna kọjú sí àna. Télọ̀ ló kọ́kọ́ béèrè.

“Bàbá, ṣé ẹ̀yìn ń dùn yín gan-an?”

“Ṣé kò ní dùn mí ni?”

“Ṣé kí n máa wá sílé, dípò kí n máa pè yín lórí fóònù?”

“Ṣé wàá jókòó kọ́ mi, àbí ńṣe lo máa kàn tú u?”

“Ṣé ẹ máa bi mí tí kò bá yé yín?”

Tísà fọwọ́ ra ẹ̀yìn rẹ̀. “Ṣé o ò ní fi mí ṣe yẹ̀yẹ́?”

“Ta ni mo jẹ́ tí n ó fi bàbá mi ṣe yẹ̀yẹ́?”

Tísà bojú wẹ̀yìn wo ọmọ rẹ̀ tó ń nu ojú. Ó mí kanlẹ̀.

“Ṣé aago mẹ́wàá lo máa dé ní Sátidé, àbí o fẹ́ kí ọmọ mi máa wọ̀nà títí?”

Télọ̀ fò sókè. “Ẹ ṣé o, bàbá mi! Ẹ ṣé gan-an ni! Aago mẹ́jọ ni mo máa ti dé!”

“Há!” ni gbogbo ààfin ké.

“Jẹ́-n-tú-u,” ni Kábíyèsí wí, “ìbéèrè nìyẹn?”

Ọmọkùnrin náà fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu, omi ń dà lójú rẹ̀, ọ̀rọ̀ kún inú rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ sọ ọ́ fún odidi ọjọ́ kan. Ni ọmọbìnrin náà bá dìde, ó rìn wá síwájú, ó di ọwọ́ bàbá rẹ̀ mú.

“Bàbá mi, ṣé kí n bá a dúpẹ́?”