Obìnrin Ìwó, Obìnrin Kuta

Ọjọ́ tí mo sá fún àkúdàáyà ní Kuta lọ́sàn-án gangan, kò jọ pé yóò kúrò lọ́kàn mi láéláé.

Iṣẹ́ ìwádìí ẹ̀jẹ̀ ríru ni mo ń bá dókítà kan ṣe ní Ìwó. A fẹ́ mọ̀ bóyá oògùn kan ń ṣiṣẹ́. Dókítà ní a ò gbọdọ̀ fi arúgbó àgbẹ̀ wé ọmọge akọ̀wé. Ẹni tó bá ń loògùn náà, ká wá ẹni tó jọ ọ́ lọ́jọ́ orí àti níṣẹ́, àmọ́ tí kì í lò ó. Èmi gba ọ̀rọ̀ àwọn ará Ìwó sílẹ̀, ẹlẹgbẹ́ mi gba ti Kuta. Èmi ọlọ́gbọ́n ni wọ́n wá ní kí n máa so wọ́n ní méjì-méjì.

Bí mo ṣe gbé fọ́ọ̀mù Ìyá Ràfíà, aláṣọ Ìwó, sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Àṣàkẹ́ ará Kuta, orí mi wú. Ọjọ́ orí kan náà. Aṣọ làwọn méjèèjì ń tà. Ọmọ mẹ́rin-mẹ́rin. Ọdún kan náà lọkọ wọn kú. Àpá iná ńkọ́? Apá òsì!

Mo gba Kuta lọ. Agbo ilé pa lọ́lọ́, ewúrẹ́ pàápàá ò ké. Mo dọ̀bálẹ̀ fún ìyá àgbà kan lẹ́nu ọ̀nà, mo ní Àṣàkẹ́ ni mo wá rí.

"Àṣàkẹ́ o!" ni ìyá àgbà ké sínú ilé.

Ohùn kan dáhùn láti inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó ṣókùnkùn. Mo mọ ohùn náà. Ẹsẹ̀ ń wọ́ bọ̀ díẹ̀díẹ̀, ojú sì yọ: Ìyá Ràfíà, tí mo fi sílẹ̀ lọ́jà Ìwó lánàá!

"Àkúdàáyà!" Mo fò sẹ́yìn, mo jókòó gbì sínú báàfù aṣọ tí wọ́n rẹ sínú ọṣẹ. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń loògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ní Ìwó, kí lẹ tún ń wá níbí?"

Ìyá Ràfíà fìka sẹ́nu pé kí n dákẹ́. Ó ti pẹ́ jù. Ilé bàbá wọn ni Kuta, Àṣàkẹ́ ni ará ilé sì ń pè wọ́n níbẹ̀. Ìṣojú ìyá wọn ni ẹlẹgbẹ́ mi ti bi wọ́n léèrè, ni wọ́n bá ní àwọn ò loògùn kankan, kí ìyá àgbà má baà ronú kú. Èmi sì ti so ẹnì kan mọ́ ara rẹ̀.

Omijé bọ́ lójú Ìyá Ràfíà. Ó ṣe mí bíi kí ilẹ̀ lanu gbé mi mì.

Ìgbà tó yá, ìyá àgbà tú kókó etí ìró wọn, wọ́n mú oògùn kan náà jáde.

"Àṣàkẹ́, ó ti pẹ́ témi náà ti ń lò ó. Ìwọ ni mi ò fẹ́ kó o gbọ́."

Ìyá àtọmọ bú sẹ́rìn-ín tẹkúntẹkún. Láti ọjọ́ náà, mi ò bi aláìsàn kankan léèrè lójú ìyá rẹ̀ mọ́. Dókítà fa fọ́ọ̀mù méjèèjì ya. Ṣùgbọ́n ní Kuta lọ́jọ́ náà, èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Kí ni mo tún fẹ́ ṣe, pẹ̀lú ṣòkòtò tó ń hó fún ọṣẹ?