Akoto Méjìlá Tó Wà Nínú Ọ̀rá

Ẹjọ́ kan wọ ààfin Baálẹ̀ lánàá, ẹ má sì wá arúfin náà lọ jìnnà, èmi ni. Iṣẹ́ bíríkìlà ni mò ń ṣe, èmi ni ọ̀gá, mo sì lẹ́nu. Ẹnu náà ló kó bá mi.

Ìyàwó ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ mi ló pè mí lẹ́jọ́. Kánmọ́kánmọ́ là ń pe ọkọ rẹ̀, torí kò sẹ́ni tó ń yára to búlọ́ọ̀kù bíi tirẹ̀. Lóṣù mẹ́ta sẹ́yìn, búlọ́ọ̀kù kan já bọ́ láti òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ó bà á láàárín orí. Obìnrin náà, tó mú ọkọ àti ọmọ rẹ̀ wá, ṣàlàyé pé láti ọjọ́ náà ni ọkọ òun ti ń wọ bàtà sódì, tó ń pe òun ní ìyá rẹ̀, tí kò sì mọ orúkọ ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí wọ́n bí. Dókítà ní ọpọlọ rẹ̀ ló fara pa, ó kéré tán, yóò gba ìtọ́jú ọdún kan. Obìnrin náà fẹ́ kí n gbé owó ìtọ́jú náà, kí n sì máa bọ́ wọn títí ara ọkọ òun yóò fi yá.

Baálẹ̀ kọjú sí mi. "Kí lo ṣe fún un lọ́jọ́ náà?"

"Mo fún un lóògùn ẹ̀fọ́rí, Bàbá. Odindi páálí kan."

"Ẹni tí búlọ́ọ̀kù já lù?"

"Ẹ̀jẹ̀ ò jáde, Bàbá. Búlọ́ọ̀kù gan-an ló fọ́."

Àwọn ìgbìmọ̀ rẹ́rìn-ín. Mo rò pé mo ti ń jàre nìyẹn, mo bá fi kún un pé Kánmọ́kánmọ́ ti gbàgbé ṣọ́bìrì mi sínú òjò lẹ́ẹ̀mejì kí búlọ́ọ̀kù tó já, torí náà ìgbàgbé ti wà lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìyá àgbà kan nínú ìgbìmọ̀ béèrè bóyá èmi náà gbàgbé nǹkan rí. Kí n tó lanu, ìyàwó mi ti dáhùn láti ẹ̀yìn: ó ní mo gbàgbé òun àti ọmọ tuntun sílé ìwòsàn.

Baálẹ̀ wá béèrè akoto, fìlà líle tí òṣìṣẹ́ máa ń dé kí nǹkan má bàa já lù ú lórí. Mo ní méjìlá ń bẹ.

"Níbo?"

"Nínú sítọ́ọ̀, Bàbá. Wọ́n ṣì wà nínú ọ̀rá."

"Kí ni wọ́n ń ṣe nínú ọ̀rá?"

"Mò ń tọ́jú wọn de àwọn tó máa ń wá yẹ iṣẹ́ wò ni."

Mo pe àbúrò mi tó ń ṣọ́ sítọ́ọ̀ kó wá gbè mí lẹ́sẹ̀. Ó búra pé ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kan akoto kankan rí, pé kọ́kọ́rọ́ gan-an ti sọnù. Káfíńtà wa ní irọ́ ni, ó ní Ọ̀gá dé ọ̀kan ya fọ́tò tó kọ́ sí pálọ̀ rẹ̀. Àbúrò mi ní fọ́tò nìyẹn, kì í ṣe iṣẹ́. Mo wo ilẹ̀, ilẹ̀ ò lanu gbé mi mì.

Baálẹ̀ ò bínú rárá, ìyẹn ló dẹ́rù bà mí. Ó ní kí n gbé gbogbo ìtọ́jú Kánmọ́kánmọ́, kí owó oṣù rẹ̀ má dúró títí dókítà yóò fi ní ara rẹ̀ ti yá, kí n sì pín akoto mọ́kànlá fún àwọn òṣìṣẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìkejìlá, orí tèmi ni. Láràárọ̀ ni n ó máa dé e, n ó fẹsẹ̀ rìn dé ilé Kánmọ́kánmọ́, n ó jókòó tì í, n ó sì máa pe orúkọ ọmọ rẹ̀ sí i létí títí yóò fi lè pè é fúnra rẹ̀.

"Bó bá wá gba ọdún mẹ́wàá ńkọ́, Bàbá?"

"Fọ́tò rẹ á pọ̀ nìyẹn."

Kọ́kọ́rọ́ tó sọnù jáde lápò àbúrò mi. Wọ́n sáré lọ mú akoto kan wá, Baálẹ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ ya ọ̀rá náà, ó sì dé e sí mi lórí. Gbogbo ààfin ń rẹ́rìn-ín. Kánmọ́kánmọ́, tí kò tíì sọ̀rọ̀ láti àárọ̀, gbójú sókè, ó wò mí títí.

"Ọ̀gá," ó ní, "èyí tí mo ní kí ẹ fún mi láàárọ̀ ọjọ́ yẹn nìyẹn."

Ẹ̀rín tán lẹ́nu gbogbo wọn. Ọmọ rẹ̀ jókòó tì í, kò mọ orúkọ ọmọ náà, ṣùgbọ́n ó rántí pé òun tọrọ akoto. Òótọ́ ló sọ. Ohun tí mo sì fi dá a lóhùn láàárọ̀ ọjọ́ náà ni pé akoto yóò dọ̀tí.