Kọ̀ǹpútà Tí Mo Fi Orí Rù ní Chicago

Ọjọ́ Sátidé kan wà tí kò jẹ́ kúrò lọ́kàn mi, bí mo tilẹ̀ ti gbìyànjú láti gbàgbé rẹ̀. Ìgbà tí kọ̀ǹpútà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ ilé mẹ̀kúnnù ni. Mo ń kọ ọ́ sílẹ̀ nítorí pé wọ́n ti dá ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, wọn kò sì dá a bó ṣe yẹ. Kí ẹ̀yin tí ẹ ń kà á bá mi tún un dá.

Ìwé kékeré ni mo kà. Ilẹ̀ ọsibítù ni mo ń fọ̀, yàrá kótópó ni a sì ń gbé ní àdúgbò Rogers Park ní Chicago. Ìṣirò kì í tètè yé Rísìkátù, ọmọbìnrin mi, ṣùgbọ́n olùkọ́ rẹ̀ sọ pé bó bá ti jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, ojú rẹ̀ máa ń là. Ó ní bí ọ̀kan bá wà nílé, bóyá ọmọ náà kò ní tún kíláàsì kà. Ohun tí mo ń wá kò ju ìyẹn lọ.

N kò mọ nǹkan kan nípa kọ̀ǹpútà, ni mo bá lọ bẹ Ẹ̀gbọ́n Mùfútáù. Gbogbo wa ní mọ́sálásí ló kà á sí ọ̀mọ̀wé nítorí pé báńkì ló ń lọ láràárọ̀. Lẹ́yìn náà ni mo tó mọ̀ pé ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ló ń ṣọ́.

Ọkọ̀ ojú irin gbé èmi, Ẹ̀gbọ́n àti Rísìkátù dé Naperville, ìlú kan lẹ́yìn Chicago, lọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń ta ẹ̀rọ tí àwọn ọ́fíìsì ti lò kù. Rísìkátù lọ tààrà sídìí ọ̀kan pẹlẹbẹ, irú èyí tí wọ́n ń so mọ́ tẹlifíṣàn.

"Dádì, this one. Òun la ń lò ní school."

Ẹ̀gbọ́n fi ọwọ́ kan gbé e, ó sì sọ ọ́ kalẹ̀ bí iṣu tó ti jẹrà. "Ó fúyẹ́. Nǹkan gidi máa ń wúwo ni, àbúrò." Ó kọjá sídìí òmíràn tó tóbi bí àpótí aṣọ, ó gbìyànjú àtigbé e, ó kérora, inú rẹ̀ sì dùn. "Èyí gan-an nìyí."

"But Dádì..."

"Rísìkátù, àgbà ń sọ̀rọ̀," ni mo wí.

Ọlọ́jà bi wá bóyá ẹ̀rọ ńlá tí a ó so ó mọ́ wà nílé. Kíá ni Ẹ̀gbọ́n dáhùn pé gbogbo rẹ̀ ló wà. Ó yíjú sí mi, ó ní, "Kò yẹ kí àjèjì mọ ohun tí a ò ní."

Báyìí ni mo ṣe ká mọ́fúlà mi ní òṣùká, tí mo sì gbé kọ̀ǹpútà rù. Nígbà tí a sọ̀ nínú ọkọ̀ kìíní, tí a ń fẹsẹ̀ rìn lọ wọ èkejì láàárín ìlú, àwọn òyìnbó ń ya fọ́tò mi. Ọlọ́pàá kan dá mi dúró, ó ní níbo ni mo ti rí i. Mo wo ẹ̀gbẹ́ mi láti pe Ẹ̀gbọ́n. Ó ti wà níwájú pátápátá, ó ń wo fèrèsé ṣọ́ọ̀bù bàtà bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí. Rísìkátù ló bá mi ṣàlàyé.

Nílé, ìyàwó mi ti se ìrẹsì, àwọn ará ti pé. Ẹ̀gbọ́n ṣàdúrà sórí ẹ̀rọ náà, a ṣe àmín, a tan iná sí i. Ìlà kékeré aláwọ̀ ewé kan yọ, ó ń ṣẹ́jú. Rísìkátù tẹ̀ ẹ́ títí, nǹkan kan kò yí padà.

"Ẹ fi í sílẹ̀," ni Ẹ̀gbọ́n wí. "Ó ń ronú."

A jẹun tán, ó ń ronú. Àlejò lọ tán, ó ṣì ń ronú.

Nígbà tí mo tẹ ọlọ́jà láago, ó ní ojú àti ọwọ́ nìkan ni mo rà, ọpọlọ rẹ̀ ni ẹ̀rọ ńlá tí òun béèrè. Ó ní kò sí àpààrọ̀. Mo bẹ Ẹ̀gbọ́n kó bá mi padà lọ sọ òtítọ́ fún un. Ó kọ̀. Ni mo bá gbé ẹjọ́ lọ síwájú àwọn àgbà mọ́sálásí lẹ́yìn ìrun Jímọ̀.

"Àṣírí rẹ̀ ni mo bò," ni Ẹ̀gbọ́n wí. "Ṣé kí n sọ fún òyìnbó pé àbúrò mi ò ní nǹkan kan nílé ni?"

Gbogbo wọn mi orí pé òótọ́ ló sọ. Àgbà kan bi mí pé, "Ẹni tó bò ọ́ láṣìírí lo wá fẹjọ́ rẹ̀ sùn?" Wọ́n ní kí n dọ̀bálẹ̀ tọrọ àforíjì. Mo dọ̀bálẹ̀, lórí kápẹ́ẹ̀tì tí èmi fúnra mi gbá láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, mo tún gbé ẹrù náà rù, èmi àti Rísìkátù padà sí Naperville. Mo ní kó sọ ọ́ fún ọlọ́jà bó ṣe rí gan-an: pé n kò ní ẹ̀rọ ńlá, pé n kò mọ ohun tí mo rà, pé ọmọ yìí fẹ́ẹ́ tún kíláàsì kà. Ọkùnrin náà wo òṣùká orí mi títí, ó mí kanlẹ̀, ó sì gbé èyí tó fúyẹ́ fún wa.

Rísìkátù kò tún kíláàsì kà. Lọ́jọ́ tí Ẹ̀gbọ́n wá kí wa, ó bá a nídìí ẹ̀rọ náà. Ó ní, "Ṣé ẹ rí i? Mo ti sọ pé kọ̀ǹpútà máa ràn án lọ́wọ́." Ó jókòó, ó ń retí ọpẹ́. Mo dọ̀bálẹ̀.

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé kí ẹni tí yóò lo nǹkan yàn án fúnra rẹ̀, kí ẹni tí kò ní sì sọ pé òun kò ní. Ṣùgbọ́n títí dòní, bí ẹnikẹ́ni ní mọ́sálásí wa bá fẹ́ ra kọ̀ǹpútà fọ́mọ, Ẹ̀gbọ́n Mùfútáù ni wọ́n ń bẹ̀. Bí mo bá gbọ́, mo máa ń rẹ́rìn-ín, ọrùn á sì máa ro mí.