Bí Lásísì Àjàgbé Ṣe Mú Àgbébọ̀ Pupa Nígbèkùn Nínú Ọgbà Tẹ̀tẹ̀

Ẹ panu mọ́ ná, ẹ jẹ́ ká ki akọni dáadáa ká tó sọ ohun tó ṣe. Lásísì Àjàgbé, ọmọ onígbàjámọ̀ ilé Olóbì, ọmọ Bùsàrí tí abẹ rẹ̀ ń kọjá lórí bí atẹ́gùn, ọmọ-ọmọ Òjéwùmí tó fá irun fún arúgbó tí arúgbó náà sùn lọ tó hanrun; ìran tí ọba pàápàá ń tẹrí ba fún! Ọba tí tọmọdé tàgbà ń dọ̀bálẹ̀ fún ní Òkè-Ọsàn, bí irun rẹ̀ bá ti kún, iwájú baba Lásísì ni í wá jókòó, á dorí kodò bí ọmọ iléèwé tó jẹ̀bi, baba Lásísì á sì wí fún un pé, “Kábíyèsí, ẹ má mira.” Ta ló tún kù láyé tó lè sọ bẹ́ẹ̀ fún ọba kó sì rí orí gbé lọ sílé?

Lásísì náà gé irun títí ọwọ́ rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, tí àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ bo etí wọn bí wọ́n bá ti jókòó. Ìgbà yẹn ló fa abẹ àti dígí lé Múkáílà ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, ó sì wá jókòó sílé bí erin tó ti jagun tán. Kò tíì di ọkọ́ mú rí láyé rẹ̀. Ọgbà ẹ̀fọ́ tó wà lẹ́yìnkùlé, Àṣàkẹ́ ìyàwó rẹ̀ ló ni ín. Òun ló ń ro ó, òun ló ń bomi rin ín, òun ló ń já a.

Àmọ́ nígbà ọyẹ́, Àṣàkẹ́ yọ̀ ṣubú létí kànga, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan sì kán. Wọ́n tò ó, wọ́n dì í, wọ́n gbé e jókòó sẹ́bàá fèrèsé tó kọjú sí ẹ̀yìnkùlé, ibẹ̀ ló sì ń wò títí ọgbà náà fi gbẹ níṣojú rẹ̀. Tẹ̀tẹ̀ di igi gbígbẹ, ṣọkọ́ wọlẹ̀ lọ, ewúro dúró lóòró bí egungun ẹja. Bí ọgbà ti ń gbẹ ni Àṣàkẹ́ náà ń gbẹ, nítorí oúnjẹ ò wọ ọ̀fun rẹ̀ mọ́. Àwọn ọmọ gbé ẹja wá, wọ́n gbé ẹran wá, wọ́n po kọ́sítáàdì. Yóò tọ́ ọ wò, yóò sì rọra tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

“Kí lo wá fẹ́ jẹ, Àṣàkẹ́?” ni Lásísì bi í.

“Tẹ̀tẹ̀.”

“Ṣé ìyẹn náà lo ò tètè sọ! Màá lọ rà á lọ́jà kíá.”

“Èmi ò fẹ́ tọjà, Bàbá Múkáílà. Èyí tó wà lẹ́yìnkùlé mi ni ẹnu mi ń fẹ́.”

Lásísì wo ẹ̀yìnkùlé. Eruku ló wà níbẹ̀, àti alángbá kan. Síbẹ̀ akọni náà na àyà, ó na ìka sókè, ó ní bí Ọlọ́run bá ti lè rọ òjò, Àṣàkẹ́ máa jẹ tẹ̀tẹ̀ ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ló wọlé lọ, tó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, tí ẹ̀rù sì bà á, nítorí kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Àkọ́rọ̀ òjò dé. Kò dé pẹ̀lú sùúrù rárá. Ó dún lókè bí ẹni ń yí àgbá lórí páànù, ó gbá ilẹ̀ létí, òórùn ilẹ̀ tútù sì gba gbogbo ilé. Kí ó tó pẹ́, ọgbà tí gbogbo ènìyàn ti sọ pé ó ti kú dìde jókòó. Ewúro tó dà bí egungun rúwé láti ìdí. Gbúre tí ẹnikẹ́ni ò pè yọ orí. Èso tẹ̀tẹ̀ tó ti já sílẹ̀ lọ́dún tó kọjá, tí oòrùn sun, tí èèrà rìn lórí, hù wọ́ọ́wọ́ọ́, ó kéré, ó pupa lẹ́sẹ̀, ó dúró ṣánṣán. Lásísì tó ti rí orí ọba láìdé adé wá kúnlẹ̀ níwájú ewé tí kò tó èékánná, ó ní, “Ẹ káàbọ̀ o.”

Ẹ wo akọni náà lẹ́nu iṣẹ́! Ó gba ọkọ́ mú bí ẹni gba idà, ó kọlu koríko bí ọmọ ogun tí wọ́n ti fi ebi há mọ́lé, ẹ̀yìn rẹ̀ ń ké, orúnkún rẹ̀ ń ké, òun náà ń ké. Ó ro ilẹ̀, ó kọ ebè, ó da ìgbẹ́ ewúrẹ́ sí i. Láti ojú fèrèsé ni Àṣàkẹ́ ti ń pariwo: “Bàbá Múkáílà, ẹ̀fọ́ lẹ ń hú yẹn o! Koríko ló wà lápá òsì yín!” Akọni á tún tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹ̀fọ́, á sì gbìn ín padà.

Ìgbà náà ni ọ̀tá dé. Ìyá Jọláadé, alábàágbé wọn tí ògiri kan ṣoṣo là wọ́n láàárín, ní àgbébọ̀ adìyẹ kan, pupa fòò, ọlọ́rùn gígùn, ẹlẹ́sẹ̀ bí ọkọ́ méjì, tó ń rìn bí ìyàwó ọba tí wọ́n dá lọ́nà. Ohun tó bá wù ú ló ń jẹ, ibi tó bá wù ú ló ń wà. Kò sì sí ibi tó tún wù ú ní gbogbo Òkè-Ọsàn bíi ebè tútù tí Lásísì fi ẹ̀yìn dídùn kọ. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tó kọ́kọ́ wọlé, ó ti tú apá kan tẹ̀tẹ̀ náà tán kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀.

Lásísì fi àwọ̀n ẹ̀fọn yí ọgbà ká. Adìyẹ náà gba abẹ́ rẹ̀ wọlé. Ó fi igi ṣe ènìyàn kan, ó wọ bùbá fún un, ó dé e ní fìlà tó fi gbéyàwó. Adìyẹ náà fò lé e lórí, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sì yàgbẹ́ sí fìlà. Lásísì lọ bá Ìyá Jọláadé, ó fi sùúrù bá a sọ̀rọ̀. Ìyá Jọláadé ní, “Ẹ dákun, Bàbá, ṣé èmi ni mo ní kó máa wá ni? Ẹ̀yin náà, ẹ lé e.” Tẹ̀tẹ̀ ń dín kù, Àṣàkẹ́ ò sì tíì jẹun.

Ó di ọjọ́ Jímọ̀. Lásísì ti wẹ̀, ó ti fín lọ́fínńdà sára, ó ti gbé agbádá funfun rẹ̀ wọ̀, èyí tó fẹ̀ bí ìgbòkun ọkọ̀. Ó ti mú tẹ̀súbáà lọ́wọ́ nígbà tí igbe ta láti ojú fèrèsé: “Bàbá Múkáílà! Ó ti dé o! Ìwọ̀nba tó kù ló fẹ́ jẹ yẹn!”

Ìran onígbàjámọ̀ dìde nínú rẹ̀. Ó sáré jáde, bàtà kan já sílẹ̀, ó fo ògiri kékeré ẹ̀yìnkùlé tí kò tíì fò láti ìgbà èwe. Adìyẹ gbéra, ó ké, ìyẹ́ fò. Lásísì yà sọ́tùn-ún, adìyẹ yà sósì. Lásísì kígbe, adìyẹ kígbe jù ú lọ.

“Ó ti gba abẹ́ ewúro!” ni Àṣàkẹ́ ń pàṣẹ bí ọ̀gágun, ó ti fi ọwọ́ méjèèjì di fèrèsé mú. “Ẹ yí i ká! Kì í ṣe ibẹ̀! Ẹ má tẹ tẹ̀tẹ̀ mi!”

Nígbà náà ni akọni náà bọ́ agbádá. Ó jù ú sókè bí apẹja ṣe ń ju àwọ̀n, ó fẹ̀ bí àwọsánmà, ó sì bo ọ̀tá mọ́lẹ̀. Lásísì fúnra rẹ̀ yọ̀, ó sì jókòó sínú ẹrẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó di etí agbádá mú gírígírí. Ohùn kan wá ń jáde láti ojú fèrèsé, tó kọ́kọ́ dà bí ẹkún, àmọ́ ẹ̀rín ni. Àṣàkẹ́ ń rẹ́rìn-ín. Kò tíì rẹ́rìn-ín láti ọjọ́ tó ti ṣubú. Lásísì jókòó nínú ẹrẹ̀, kò fẹ́ dìde kí ẹ̀rín náà má baà dá.

Ìyá Jọláadé sáré dé. “Ẹ̀wọ̀n lẹ sọ adìyẹ mi sí yìí, Bàbá?”

“Ó jẹ oko olóko.”

“Mo gbà, mo jẹ̀bi. Màá so ó mọ́lẹ̀ títí ẹ̀fọ́ yín á fi gbó. Ẹ tú u sílẹ̀.”

Lásísì ṣí agbádá. Adìyẹ dìde, ó gbọn ara, ó sì fi ẹyin kan tó ṣì gbóná sílẹ̀ lórí aṣọ funfun náà. Àwọn méjèèjì wo ẹyin. Wọ́n wo ara wọn.

“Adìyẹ mi ló yé e,” ni Ìyá Jọláadé wí.

“Orí ilẹ̀ mi ló yé e sí. Ìṣákọ́lẹ̀ ni.”

Ìyá Jọláadé wo Àṣàkẹ́ tó ṣì ń nu omi ẹ̀rín lójú. Ó ní, “Ẹ fi se ọbẹ̀ fún wọn.”

Pẹ̀lú bùbá ẹlẹ́rẹ̀ lọ́rùn ni Lásísì já ohun tó ṣẹ́kù nínú tẹ̀tẹ̀ náà, kò kún ọwọ́ rẹ̀ kan. Ó fọ̀ ọ́, ó rẹ́ ẹ, ó da epo sí i, ó po ẹyin pọ̀ mọ́ ọn, ó gbé e lọ bá Àṣàkẹ́ nínú abọ́ kékeré, ó sì dúró tì í láìmí. Àṣàkẹ́ tọ́ ọ wò. Ó tún tọ́ ọ wò. Ó jẹ ẹ́ títí ó fi ń fi ìka nu ìdí abọ́.

“Iyọ̀ ti pọ̀ jù,” ló wí. “Ó kù ńbẹ̀?”

Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin ará Òkè-Ọsàn, ẹ̀yin tó wà nílé àti ẹ̀yin tó wà lóko! Ẹ jẹ́ kí àwọn tó ṣẹ́gun ìlú fi idà wọn pamọ́, kí àwọn tó pa ẹkùn lọ jókòó! Lásísì Àjàgbé ti se ọbẹ̀, iyọ̀ ti pọ̀ jù níbẹ̀, Àṣàkẹ́ sì ní kí wọ́n fi kún un!