Kásẹ́ẹ̀tì Tí Gbọ́ládé Gbé Bọ̀ Láti Naṣifílì

Irọ́ pípa gba agbára, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín jẹ. Gbọ́ládé tí à ń pè ní Kábọ́ì sì lágbára! Fìlà ńlá tí àwọn darandaran Amẹ́ríkà máa ń dé, òun ló ń dé láàárọ̀, lọ́sàn-án, nínú òjò, àti nínú oòrùn ìlú Sáńgò tó ń yan èèyàn bí ẹ̀pà. Bí ẹ bá ní ẹ káàárọ̀, yóò ní, "Nígbà tí mo wà ní Naṣifílì, ní Amẹ́ríkà..." Ẹ ò tíì rí ibi jókòó, ó ti gun ẹṣin.

Ẹgbẹ́ olólùfẹ́ orin kọ́ńtírì ti Amẹ́ríkà ni wá. Ní gbogbo Sọ́ńdè, tí ṣọ́ọ̀ṣì bá ti túká, a máa ń kóra jọ sí ṣọ́ọ̀bù Tahir tó ń tún rédíò ṣe, a ó máa dárò ayé náíńtì-wáànù, náíńtì-tú. Ìyàwó olórin ti kọ̀ ọ́, ajá rẹ̀ ti kú, ó ṣì ń fi gìtá dúpẹ́! Níbo la ti fẹ́ rí irú wọn mọ́? Lápá ọ̀tún wa báyìí, ṣọ́ọ̀ṣì. Lápá òsì, ṣọ́ọ̀ṣì. Lókè orí wa, àwọn ọmọ yunifásítì tí orin wọn ń mi àjà.

Gbogbo wa la gbọ́ orin kọ́ńtírì lórí rédíò. Gbọ́ládé nìkan ló ní òun bá wọn kọ ọ́. Ó ní òun àti Kíláìdì Bẹ́nítọ̀n, gbajúmọ̀ olórin wọn, jọ dúró lórí ìtàgé, ó ní Kíláìdì fúnra rẹ̀ ló ṣí fìlà lórí tó fi dé òun. Ẹ̀rí rẹ̀ ni kásẹ́ẹ̀tì kan tó máa ń wà nínú àpò àyà rẹ̀. "Ohùn èmi àti Kíláìdì ló wà níbí!" ni yóò wí, yóò sì fọwọ́ gbá àpò. Ta ló fẹ́ jà á níyàn? Rẹ́kọ́dà tó lè lu kásẹ́ẹ̀tì ti tán ní Sáńgò.

Àmọ́ ó gbé ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ Àtinúkẹ́, ìyá Abísọ́lá, opó tó ń ránṣọ, tóun náà wà nínú ẹgbẹ́. Ó fẹ́ fi í ṣaya, ó sì fẹ́ ẹ dénú. Ohun kan ṣoṣo tí kì í ṣe irọ́ lára rẹ̀ nìyẹn, mo jẹ́rìí sí i. Àtinúkẹ́ ní, "Bọ̀ọ̀dá Gbọ́ládé, ọjọ́ tí mo bá gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì yín, tó sì jẹ́ òótọ́, ọjọ́ yẹn ni màá mú yín lọ rí àwọn ẹ̀gbọ́n mi."

"Kò sí wàhálà!" ni Kábọ́ì dáhùn. Rẹ́kọ́dà wo ló fẹ́ gbọ́ ọ nínú ẹ̀?

Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, Tahir gbé rẹ́kọ́dà jáde lábẹ́ tábìlì. Ó ti tún un ṣe! Bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń dá a dúró nìkan ló ti ṣẹ́, ọwọ́ ṣíbí ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi tẹ̀ ẹ́. Àtinúkẹ́ gba ṣíbí, ó dì í mú. Gbọ́ládé wò yí ká. Kò sọ́nà àbáyọ, ó bá yọ kásẹ́ẹ̀tì sílẹ̀.

Gìtá bẹ̀rẹ̀. Ohùn Kíláìdì ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, ohùn Gbọ́ládé sì ń ké lé e lórí. "Ẹ ò gbọ́?" ni Kábọ́ì wí, ó dijú.

Àkùkọ kọ.

"Àkùkọ kẹ̀?" ni Fàlílù, ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ wa, bi í.

"Wọ́n ń sin adìẹ ní Naṣifílì! Oko ni gbogbo ẹ̀."

Kò pẹ́, kọ̀ńdọ́ bọ́ọ̀sì kan ń pariwo lẹ́yìn orin: "Ìjokò! Ìjokò! Wọlé pẹ̀lú ṣéńjì ẹ!"

"Ọmọ Nàìjá kan ló ń wa bọ́ọ̀sì níbẹ̀," ni Gbọ́ládé wí.

"Láti Amẹ́ríkà sí Ìjokò?" ni Tahir bi í. "Ó mà gbìyànjú o."

Lẹ́yìn náà ni fèrè fáktírì dún. Háà! Fèrè iléeṣẹ́ tí Fàlílù ti ṣiṣẹ́ títí wọ́n fi tì í pa ni, èyí tó ti di ṣọ́ọ̀ṣì báyìí. Kí a tó mọ̀, Fàlílù ti dìde, ó ti ń wá kúlà oúnjẹ rẹ̀ láti lọ ṣe ṣífítì ọ̀sán. Àfìgbà tí a fà á láṣọ kó tó rántí pé òun ti fẹ̀yìn tì.

Orin parí. Gbọ́ládé na ọwọ́ sí ṣíbí, Àtinúkẹ́ gbé e sẹ́yìn. Kásẹ́ẹ̀tì ń yí lọ, ohùn ìyá àgbàlagbà kan bá jáde.

"Amos, ọmọ mi ní Amẹ́ríkà, ìyá rẹ ló ń bá ọ sọ̀rọ̀ o."

Ní ayé ìgbà yẹn, òbí tí kò mọ̀wé kọ, inú kásẹ́ẹ̀tì ló ń sọ̀rọ̀ sí, ẹni tó ń lọ sókè òkun yóò sì bá a mú un dání. Gbọ́ládé ni Màmá fún pé kó gbé e fún arìnrìn-àjò. Ó ṣí rédíò tó ń gbé orin Kíláìdì, ó bá a kọ ọ́ sórí apá kan rẹ̀, ó sì fi kásẹ́ẹ̀tì náà sápò. Amos ń retí rẹ̀ dòní.

"Fìlà tó o fi ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ ti dé," ni Màmá ń bá lọ. "Ó ń dé e sùn. Ó ń sọ fáráyé pé òun ti dé Amẹ́ríkà. Amos, Adó-Odò tí kò jìnnà yìí ni mo rán an lọ́jọ́sí, ó ṣìnà, Alápòtí ni wọ́n ti bá mi mú un wálé. Ṣùgbọ́n ọmọ dáadáa ni. Òun ló ń pọnmi fún mi, irọ́ rẹ̀ kì í ṣe èèyàn ní jàǹbá. Tó o bá rí obìnrin tó ní sùúrù, bá wa fojú sí i."

Mo ti rẹ́rìn-ín débi pé ìhà ń ro mí, kí n tó rí i pé Gbọ́ládé ti ṣí fìlà. A ò rí orí yẹn rí. Ó pá!

"Ohùn màámi nìyẹn," ló wí jẹ́jẹ́. "Mo ti gbàgbé pé ó ṣẹ́kù síbẹ̀."

"Màmá ńkọ́?" ni Àtinúkẹ́ bi í.

"Wọ́n ti sinmi."

Àánú rẹ̀ ṣe mí gan-an. Àtinúkẹ́ nu ojú. Ó ní kí Tahir dá a padà síbi tí Màmá ti bẹ̀rẹ̀, Tahir fi báírò yí i, a tún un gbọ́. Ẹnikẹ́ni ò béèrè Kíláìdì mọ́.

Nígbà tí Gbọ́ládé rí omi lójú Àtinúkẹ́, ọkàn rẹ̀ balẹ̀, ó dé fìlà rẹ̀ padà. "Ìyá Abísọ́lá, ṣebí ohùn mi wà nínú ẹ̀ lóòótọ́. Ìgbà wo la wá ń lọ rí àwọn ẹ̀gbọ́n yín?"

Àtinúkẹ́ dá ṣíbí padà fún Tahir.

"Bọ̀ọ̀dá Gbọ́ládé," ló wí, "ìyá ọkọ yìí tẹ́ mi lọ́rùn gan-an. Ọkọ ló kù tí màá lọ wá."