Tanguy Ọ̀gá Eré àti Báàfù Àwọn Onígàrí

Ẹ sún mọ́ra, kí ẹni tó wà lẹ́yìn lè gbọ́. Ẹni tí ẹ̀pà wà lẹ́nu rẹ̀, kí ó tètè gbé e mì, kí ẹ̀rín má baà sé e lọ́fun. Kì í ṣe ti ìgbà tí ẹranko ń fọhùn ni mo fẹ́ sọ. Ti Tanguy ni, ẹni tí ń fọhùn ju gbogbo ẹranko lọ.

Tanguy ọmọ Bantè, akọ̀wé ní Savalou. Tanguy Afi-kásìkì-ṣẹ̀gbà-ọrùn. Tanguy Mo-ti-mọ̀-ọ́n-kí-wọ́n-tó-ṣe-é. Kásìkì ni nǹkan méjì ribiti bí ìlàjì àgbọn, tí àwọn ọmọ ayé òde òní fi ń bo etí kí wọ́n lè gbọ́ orin. Etí ni àwọn ẹlòmíràn ń fi í bò. Ọrùn ni Tanguy ń gbé tirẹ̀ kọ́. Ó gbé e kọ́ lọ sí ọjà, ó gbé e kọ́ lọ sí oko, ó gbé e kọ́ lọ gba Ara Olúwa ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Fáda wo kásìkì, ó wo Tanguy. Ó ní, "Ọmọ mi, ta ló ń kọrin nínú rẹ̀?"

Tanguy ní, "Fáda, kò sẹ́ni tó ń kọrin. Mo gbé e kọ́ kí àwọn ènìyàn má baà ṣì mí mọ̀ ni."

Ẹnikẹ́ni kì í bi Tanguy ní nǹkan kí ó tó dáhùn. Bí ó bá rí àgbẹ̀ ará Lougba tó so rédíò kékeré mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́, tí káàdì orin wà nínú rẹ̀, tí bàbá náà ń gbọ́ orin jẹ́jẹ́ lọ sí oko kaṣú rẹ̀, Tanguy a dá a dúró lójú ọ̀nà.

"Bàbá, ẹ pa á. Orin tó bá gba inú rédíò yìí kọjá ti di àgbàdo tó gba inú ẹ̀rọ kọjá. Ìyẹ̀fun rẹ̀ lẹ ń gbọ́ yẹn."

Bàbá a ní, "Ọmọ mi, ìyẹ̀fun náà dùn mọ́ mi."

Tanguy a mi orí, àánú bàbá a ṣe é.

Bí ó bá rí ọmọbìnrin tó fi ohun ìgbọ́rin olókùn sétí, a ní, "Ewúrẹ́ ni wọ́n ń so lókùn." Bí ó bá rí èyí tí kò lókùn, a ní, "Ohun tí a kò so, yóò sáko lọ." Bí wọ́n bá wá bi í pé èwo ló kù tó dára, a kàn fi ọwọ́ pa ọrùn ara rẹ̀ lára.

Ti eré orí tẹlifísọ̀n ló wá burú jù. Ìgbà kan ṣoṣo ló dé ilé ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ní Cotonou. Ó jókòó ti ẹ̀rọ eré níbẹ̀ láàárọ̀, ó dìde nírọ̀lẹ́ bí ọ̀jọ̀gbọ́n. Láti ọjọ́ náà ni ẹnu rẹ̀ kò ti sinmi mọ́. "Eré ìfi-mọ́tò-sáré, ti ẹni tí kò ní mọ́tò ni. Eré ìbọn, ti ọmọ ọdẹ tó ń bẹ̀rù igbó ni. Eré bọ́ọ̀lù nìkan ni eré ọlọ́gbọ́n, òun náà ni èmi sì mọ̀ jù."

Hamidou, tó ń fi ọ̀kadà rẹ̀ gbé èrò láti Pira wá sí Bantè, bi í lọ́jọ́ kan pé, "Ẹ̀gbọ́n, ta lẹ ti bá gbá a rí?"

"A kò tíì bí ẹni tó tó bá mi gbá a."

Ní Bantè, a máa sọ fún wa pé òun ti na gbogbo Savalou. Ẹni tó bá ti Savalou dé a sì máa sọ pé Bantè ló ní òun nà. Ojú ọ̀nà tó wà láàárín ìlú méjèèjì ló mọ òtítọ́, ọ̀nà kì í sì í rojọ́.

Bí a ṣe wà nìyẹn tí àwọn ọmọ wa tó ń ṣiṣẹ́ ní Cotonou fi ránṣẹ́ pé àwọn ń fi ẹ̀bùn bọ̀ wá sílé fún gbogbo àdúgbò: tẹlifísọ̀n fífẹ̀ kan, ẹ̀rọ eré tí wọ́n ń so mọ́ ọn, àti báàfù. Ẹ mọ báàfù, àpótí olóhùn tó ṣe é gbé rìn. Bí ènìyàn bá ki káàdì orin bọ inú rẹ̀, ẹni tó wà ní Gouka a béèrè ta ló ń ké.

Inú àwa obìnrin tí ń ṣe gàrí dùn dé ẹ̀yìn. Ẹ̀gẹ́ bíbó kò ṣe é ṣe ní ìdákẹ́jẹ́, ọ̀bẹ a máa gé ènìyàn. Màmá Sétou, olórí wa, ti pa àlọ́ rẹ̀ gbogbo, ó ti kọ orin inú wọn, ọmọ rẹ̀ sì ti bá a gbà á sínú káàdì. A ti ṣètò rẹ̀: báàfù a wà ní àtíbàbà gàrí, ohùn Sétou a máa dún, ọwọ́ wa a máa bó ẹ̀gẹ́, Sétou fúnra rẹ̀ a sì rí oorun sùn. Àwọn ọ̀dọ́ ní tiwọn fẹ́ kí tẹlifísọ̀n àti ẹ̀rọ eré wà ní ilé àwọn ọ̀dọ́.

Tanguy gbọ́. Ọjọ́ Ẹtì ló máa ń ti Savalou dé, Ọjọ́rú ló dé lọ́sẹ̀ náà. Ó pe gbogbo wa jọ.

"Ohun gbogbo yóò wà ní yàrá mi," ó wí. "Ẹ̀rọ ní èémí bí ènìyàn. Eruku àtíbàbà yín yóò há a lọ́nà ọ̀fun. Àti pé orin arúgbó máa ń ya báàfù."

Sétou ní, "Báwo ló ṣe ń yà á, ọmọ mi?"

"Ohùn àgbà ti hun jọ, Màmá. Ibi tó hun jọ yẹn ló ń gé báàfù nínú."

"Kọ́kọ́rọ́ yàrá rẹ ńkọ́?"

"Ọwọ́ mi ni yóò wà."

"Nígbà wo la ó wá máa rí i lò?"

"Nígbà tí mo bá wà ní Bantè, tí ara mi bá dá, tí n kò bá sì sinmi lọ́wọ́."

Sétou ní, "Ọmọ mi, 'rárá' kúrú ju ìyẹn lọ."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n mo rí àwọn ọkùnrin mìíràn tí ń mi orí pé òótọ́ ni Tanguy ń sọ, ẹ̀rù sì bà mí. Ẹni tó bá gbé nǹkan ńlá kọ́rùn, ayé a rò pé nǹkan ńlá wà nínú orí rẹ̀ pẹ̀lú.

Ọpẹ́ ni pé a ní àṣà tiwa. Ohun àjọni kì í wọ ilé ẹnì kan níbí bí onítọ̀hún kò bá kọ́kọ́ lò ó lójú gbogbo wa. Nígbà tí ẹ̀rọ ìrin-ẹ̀gẹ́ dé, Sétou rin ẹ̀gẹ́ lójú gbogbo ìlú kí wọ́n tó gbé e fún un ṣọ́. Bàbá Moumouni, olórí àdúgbò wa, ní kí Tanguy náà wá gbá bọ́ọ̀lù rẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn Mísà. Bí ó bá mọ̀ ọ́n lóòótọ́, kí ó máa gbé gbogbo rẹ̀ lọ.

Ọjọ́ Àìkú pé. Jocelyne, ọmọbìnrin tó kó ẹ̀bùn náà wá láti Cotonou, gbé tẹlifísọ̀n sórí tábìlì lábẹ́ igi máńgòrò, ó so ẹ̀rọ mọ́ ọn, ó gbé báàfù sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó ní òun ń lọ kí ìyá òun àgbà, òun ń bọ̀ kíá. Páálí tí wọ́n fi gbé ẹ̀rọ wá wà nílẹ̀ níwájú Bàbá Moumouni. Bàbá gbé ẹsẹ̀ tí làkúrègbé ń dà láàmú lé e.

Tanguy dé. Kò dúró de Jocelyne. Ó yọ áńkáṣíìfù funfun kan lápò, ó rọra tú u bí ẹni tó di ẹyin sínú rẹ̀. Mànẹ́ẹ̀tì ló wà níbẹ̀, ohun tí wọ́n ń fi ọwọ́ méjì dì mú tí wọ́n ń tẹ̀, kí àwọn ènìyàn inú tẹlifísọ̀n lè sá eré.

Hamidou ní, "Ẹ̀gbọ́n, èyí tó bá ẹ̀rọ wá ńkọ́?"

"Tèmi ti mọ ọwọ́ mi. Ẹni tí kò ní ṣíbí ló ń jẹun pẹ̀lú ṣíbí onílé."

Ó tan ẹ̀rọ. Tẹlifísọ̀n mọ́lẹ̀, pápá tútù yọ̀yọ̀ jáde, àwọn agbábọ́ọ̀lù jáde, eré bẹ̀rẹ̀. Tanguy náà bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ lóòró, ó tẹ̀ ẹ́ níbùú, ó fi ẹsẹ̀ kan dúró, ó bu ahọ́n jẹ. Òógùn ń bọ́ lára rẹ̀ bí ẹni tó ń kọ ebè iṣu.

"Ẹ wò ó. Mo ní kó lọ sọ́tùn-ún, ó lọ. Mo ní kó tan èyí jẹ, ó tàn án." Bọ́ọ̀lù wọ inú àwọ̀n. A pàtẹ́wọ́. Kí n má purọ́, èmi náà pàtẹ́wọ́.

Sétou ní, "Àwọn wo ni tìrẹ nínú wọn, ọmọ mi?"

Tanguy wo ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ góòlù. "Àwọn aláṣọ pupa."

Kò pẹ́, aláṣọ funfun jẹ tiwọn.

"Ìyẹn ńkọ́?"

"Èmi náà ni. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n gbá dénú, apá méjèèjì ló ń gbá."

Àwọn ọkùnrin tún mi orí. Góòlù ń wọlé, Tanguy ń là á yé wa, a ń pàtẹ́wọ́. Nígbà tó yá, Bàbá Moumouni wú ikọ́. "Ó jọ pé ọmọ yìí mọ ohun tó ń ṣe. Tanguy, wá gba ìre."

Inú mi bàjẹ́. Mo ń rí báàfù wa tó ń wọ yàrá tí n kò ní í rí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ láéláé.

Ẹ sì mọ̀ pé a kì í mú nǹkan lọ́wọ́ gba ìre àgbà. Tanguy gbé mànẹ́ẹ̀tì sórí bẹ́ǹṣì, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó fi imú kan ilẹ̀. Bàbá gbé ọwọ́ lé e lórí, ó la ẹnu. Bí ó ṣe ń la ẹnu ni aláṣọ pupa kan gba bọ́ọ̀lù, ó tan ẹnì kan jẹ, ó tan ẹlòmíràn jẹ, ó gbá a sínú àwọ̀n.

Ẹnu Bàbá ṣí sílẹ̀, ìre kò jáde.

Hamidou ní, "Ẹ̀gbọ́n Tanguy, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ tún ti jẹ ọ̀kan."

Tanguy dáhùn láti inú iyanrìn. "Mo mọ̀. Mo ti rán an kí n tó dọ̀bálẹ̀."

Aláṣọ funfun náà jẹ góòlù.

"Èyí náà ńkọ́?"

"Wọ́n jọ lọ ni."

Sétou ní, "Ó dáa. Dìde, kí o sọ fún wọn kí wọ́n dúró."

Tanguy dìde, ó já mànẹ́ẹ̀tì gbà lórí bẹ́ǹṣì. Ó tẹ̀ ẹ́. Wọ́n ń sáré. Ó gbọ̀n ọ́n. Wọ́n ń sáré. Ó gbá a mọ́ àtẹ́lẹwọ́ bí ẹni tó ń gbọn yẹ̀pẹ̀ inú bàtà. Wọ́n ń sáré, ìgbà tí wọ́n wá jẹ òmíràn, gbogbo wọn dì mọ́ra wọn, wọ́n ń yọ̀, kò sí ẹnì kan nínú wọn tó wo apá ibi tí Tanguy wà.

Ibẹ̀ ni Jocelyne bá wa. "Ẹ káàsán, ẹ̀yin àgbà. Ẹ ṣì ń wo ìpolówó yẹn?"

Bàbá Moumouni ní, "Ìpolówó kẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Bí wọ́n bá tan ẹ̀rọ náà tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án, ó máa ń gbá bọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀, kí ẹni tó fẹ́ rà á lè rí bí eré náà ṣe rí. Àwọn mànẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ṣì wà nínú páálí. Ẹsẹ̀ yín lẹ gbé lé wọn yẹn."

Bàbá gbé ẹsẹ̀ kúrò. Jocelyne ṣí páálí, ó mú mànẹ́ẹ̀tì méjì jáde nínú ọ̀rá tí eyín kankan kò tíì kàn. Ó gba ti Tanguy, ó yí i padà. "Èyí kì í tilẹ̀ ṣe ti ẹ̀rọ yìí." Ó ṣí ẹ̀yìn rẹ̀ wò. Bátìrì kò sí níbẹ̀. Aáyán kan ló jáde, ó wo gbogbo wa, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ẹlòmíràn ì bá ti wá ọ̀nà ilé. Ọgbẹ́ni wa fa kásìkì rẹ̀ tọ́. Ó ní, "Ẹ fún mi ní ojúlówó, kí ẹ wá rí mi. Ẹ fún ẹnì kan ní ìkejì."

Hamidou na ọwọ́.

"Kì í ṣe ìwọ. Ọwọ́ ọlọ́kadà ti le jù, yóò ba ẹ̀rọ jẹ́." Ó wo gbogbo wa yíká, ó wò wá dáadáa, bí ẹni tó ń yan adìyẹ tí kò lè sáré. "Màmá Sétou ni kó bá mi gbá a."

Sétou kò jiyàn. Ó gba mànẹ́ẹ̀tì, ó gbé e sórí itan. Iyán ló jẹ kí ó tó wá, oòrùn sì rọra ń ta sí i lára. Kí Jocelyne tó to ẹ̀rọ tán, orí Sétou ti tẹ̀ sí àyà.

Eré bẹ̀rẹ̀. Tanguy tẹ mànẹ́ẹ̀tì. Agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ gba bọ́ọ̀lù, ó yí padà, ó dojú kọ ilé ara rẹ̀. Tanguy ní kó yí padà, ó sáré sí i. Ó tẹ gbogbo ohun tó ṣe é tẹ̀. Ọmọ náà gbá bọ́ọ̀lù kan, bọ́ọ̀lù tó lẹ́wà, ó gba ẹ̀gbẹ́ aṣọ́lé Tanguy kọjá, ó sùn sínú àwọ̀n Tanguy.

Jocelyne ka ohun tó wà lójú tẹlifísọ̀n fún wa. "Màmá Sétou, ọ̀kan. Ẹ̀gbọ́n Tanguy, òdo."

Ariwo ẹ̀rín jí Sétou. "Kí ló dé?"

"Ẹ ti jẹ góòlù, Màmá."

Sétou nu ẹnu, ojú tì í. Ó ní, "Má bínú, Tanguy ọmọ mi. N kò mọ̀ọ́mọ̀."

Àwọn ọkùnrin tí ń mi orí lẹ́ẹ̀kan ń fi orí náà gbá ara wọn léjìká báyìí nítorí ẹ̀rín. Tanguy ní òun ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé eré náà kò dára, pé wọn kò ṣe é dáadáa láti ilé iṣẹ́. Kò sí ẹni tó gbọ́.

Bàbá Moumouni dá ẹjọ́ nígbà tó rí èémí mí. Tẹlifísọ̀n àti ẹ̀rọ eré di ti ilé àwọn ọ̀dọ́. Báàfù di ti àtíbàbà gàrí, lójú ẹsẹ̀. "Ó kù ẹni tí yóò gbé e," ó wí, ó sì yíjú. "Tanguy, ṣebí ìwọ lo fẹ́ gbé báàfù láti ọjọ́ yìí wá. Ó yá, gbé e."

Ṣé ènìyàn lè kọ iṣẹ́ olórí àdúgbò lójú gbogbo ìlú? Tanguy gbé báàfù karí, ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú. Jocelyne ki káàdì Sétou bọ̀ ọ́ nínú. Ohùn Sétou bú jáde lórí Tanguy, àlọ́ ọ̀bọ tó lọ fẹ́ ọmọ ọba. A gbe orin rẹ̀ tẹ̀lé e lẹ́yìn, gbogbo àwa onígàrí, àwọn ọ̀dọ́, àti àwọn èrò Mísà tí kò tíì délé. Àwọn tó wà nínú ilé jáde wò wá. Àwọn tó wà lójú ọ̀nà yà fún wa.

Nígbà tí a dé ojúde ilé bàbá rẹ̀, tí àwọn ẹbí rẹ̀ ti tò síwájú ilé, Tanguy rọ ohùn sílẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n.

"Màmá Sétou, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dín ohùn rẹ̀ kù díẹ̀."

Sétou ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá, kò yára, kò dúró. Ó ní, "Bọ́tìnnì rẹ̀ wà lókè níbẹ̀, ọmọ mi. Ìwọ lo mọ̀ ọ́n tẹ̀."